Mo Mọ Gbígbéra, N Ò Mọ Dídúró

Ògiri ilé onílé ló dá mi dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé mo ṣubú. Mo tẹ iná, máṣìn gbéra, inú mi dùn, mo ń lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá. Ìgbà tí òpin kúlóòsì ń bọ̀ ni mo tó rántí pé a ò tíì dé orí bí wọ́n ṣe ń dúró. Táyà iwájú lọ fẹnu ko ògiri, ẹ́ńjìnnì kú. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ mi sáré dé. Ó wo táyà, ó wo ògiri, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo èmi alára.

"Mọ́mì, ẹ kú orí ire. Ìjánu ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yín yẹn o."

Mo ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà. Àpá sálẹ́ńsà wà lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún. Ẹ sọ pé kí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n gbé Èkó nígbà tí ọ̀kadà ń jẹ ayé ká ṣòkòtò sókè, ẹ ó rí i lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn: àpá kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, torí pé ọ̀tún ni sálẹ́ńsà máa ń wà, ọ̀tún náà sì ni ẹni tó ń kánjú máa ń sọ̀kalẹ̀ sí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹrù ni mo jẹ́ lórí máṣìn. Lọ́dún yìí ni mo ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún fúnra mi, kí n sì gba ìwé rẹ̀ lọ́nà tí òfin là á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni àwọn ará ilé mi fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ máṣìn ní Èkó, Festac ni kó wá. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ àdúgbò yìí nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo ayé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 15 Oṣù Kìíní ọdún 1977 tó sì parí ní 12 Oṣù Kejì, kí àwọn àlejò lè rí ibi sùn. Àlejò lọ, ilé kù, àwọn ará Èkó kó wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ya ibẹ̀ fẹ́ràn iye ju orúkọ lọ: avenue láti orí kìíní dé ìkeje, ródù tó jẹ́ nọ́ńbà lásán, kúlóòsì tó jẹ́ lẹ́tà kan péré. Ọ̀kan nínú àwọn kúlóòsì yìí ni ilé ìwé wa. Ẹnu ọ̀nà kan ló ní, ẹni tí kò bá ní nǹkan í ṣe níbẹ̀ kì í yà síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í sáré gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí Sátidé, ìyá tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, ajá méjì àti èmi nìkan ló wà níta. Òótọ́ ni pé ọ̀dà tí wọ́n dà sí títì fún àwọn àlejò 1977 ti jẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Olùkọ́ mi ní ìyẹn náà dáa, pé ẹni tó bá kọ́ ọ lórí títì dídán, òkè òkun ló fẹ́ lọ gùn ún.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni olùkọ́ mi. Sùúrùlérè ló ti ń gun ọ̀kadà tẹ́lẹ̀, títí di 1 Oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí ìjọba Èkó lé ọlọ́kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Àpápá. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Festac wà, kò sí nínú èyí àkọ́kọ́, kò sí nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìṣẹ́yìn ṣe di ará Festac. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, bí ẹni tó wà ní erékùṣù ni òun rí. Títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry wà níhìn-ín, ti Àpápá sí Òṣòdì wà lọ́hùn-ún, méjèèjì ni wọ́n ti sọ fún ọlọ́kadà pé kó má tẹ̀. Tó bá gbé èrò dé First Gate tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà Festac, ó tán nìyẹn, àfi kó yí padà. Bó ṣe lọ so àpótí mọ́ ẹ̀yìn máṣìn rẹ̀ nìyẹn tó di ẹni tó ń gbé ẹrù fún àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé ìjọba yọ àwọn tó ń gbé ẹrù sílẹ̀ nínú òfin ọ̀hún. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kòtò tí ẹrù máa ń já sí àti èyí tí èèyàn máa ń já sí, ṣùgbọ́n òfin mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ márùn-ún ló wà lórí máṣìn. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí iná, òun náà ló ń fa ìjánu iwájú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ ìjánu ẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì ló ń di kúlọ́ọ̀ṣì mú, ẹsẹ̀ òsì ló ń pààrọ̀ jíà. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé apá ọ̀tún nìkan ló ń sáré tó sì tún ń dúró, àti pé òsì kò mọ nǹkan kan ju ìpààrọ̀ lọ. Ọjọ́ tó yé mi ni ara mi tó balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ mi ní kí n má fọwọ́ kan iná rárá. Kí n wọ jíà kìíní, kí n máa tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú okùn ewúrẹ́ tó fẹ́ sá, títí màá fi gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀ tí máṣìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí. Ibẹ̀ ni kí n tún fún un padà. Odindi wákàtí kan ni mo fi ṣe èyí, síwájú díẹ̀, dúró, síwájú díẹ̀, dúró. Ìyá tó ń gbálẹ̀ parí gbígbálẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wá. Ó bi mí pé ṣé máṣìn náà kò dáa ni.

Ohun kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gun máṣìn tí kì í ṣe tirẹ̀: jíà wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iwájú ni wàá máa tẹ̀ fún gbogbo jíà, láti orí kìíní dé ìkẹrin. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kìíní nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sísàlẹ̀, òkè ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbé ìyókù, fíríì sì wà láàárín kìíní àti ìkejì. Ẹni tó mọ ọ̀kan, tó bá bá ara rẹ̀ lórí èkejì láìbéèrè, jíà tó rò pé òun ń dín kù ni yóò máa fi kún.

Èyí tó ṣòro jù kì í ṣe eré. Ìrìn jẹ́jẹ́ ni. Bí táyà bá ń yí kíákíá, máṣìn a dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń rìn bí ìgbín, a máa gbọ̀n, a máa wá ibi tí yóò ṣubú sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi ń tẹ iná nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, tí àwọn tó ń wò wọ́n á sì máa pariwo pé wọ́n ń ṣe ojú ayé. Olùkọ́ mi máa ń pariwo lẹ́yìn mi: "Ẹ rìn bí ẹni tó ń tẹ̀ lé pósí, Mọ́mì! Pósí!" Ó fi òkúta mẹ́fà sórí ìlà, ó ní kí n máa gba àárín wọn lọ kí n gba àárín wọn bọ̀. Gbogbo òkúta tí mo bá wò ni mo ń gùn lórí. Ìgbà tó di pé mo gbé ojú kúrò lára òkúta tí mo ń wo àlàfo tó wà láàárín wọn, mo rí i pé máṣìn ń tẹ̀ lé ojú mi bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ti jiyàn. Ọlọ́kadà púpọ̀ ló kórìíra ìjánu iwájú, olùkọ́ mi sì wà nínú wọn. Ó ní yóò gbé èèyàn fò, pé ti ẹ̀yìn ló dára. Àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham ní ìlú London ti kọ́ máṣìn níbẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé méjèèjì ni wọ́n ń lò pọ̀, torí pé bí máṣìn bá ń dúró, ìwúwo gbogbo a ya sí táyà iwájú, èyí tó wà lẹ́yìn a fúyẹ́, ìjánu rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan mú. Mo mú ẹfun, mo fa ìlà sójú títì. Mo fi ìjánu ẹ̀yìn nìkan dúró lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀nà tí mo rìn kí n tó dúró nígbà tí mo fi méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ẹ̀yìn nìkan. Ọmọ Ìṣẹ́yìn fẹsẹ̀ wọn ìlà náà lọ, ó wọ̀n ọ́n bọ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí iyanrìn bá wà nílẹ̀ ńkọ́, bí mo bá sì ń yà lọ́wọ́ ńkọ́? Ó jàre níbẹ̀. Bí èèyàn bá já ìjánu iwájú mú lójijì lórí iyanrìn tàbí nígbà tí ọwọ́ máṣìn kò bá tọ́, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Àṣé ìwọ̀nba ni. Fífún ni wọ́n ń fún un, wọn kì í já a.

Akoto ni mo kọ́kọ́ rà kí n tó fọwọ́ kan máṣìn. Mo rántí Oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kò sí ọlọ́kadà tàbí èrò rẹ̀ tí yóò tún gun máṣìn láìdé akoto. Kò sí ohun tí ojú wa ò rí nígbà náà. Àwọn kan dé igbá tí wọ́n kùn lọ́dà. Àwọn kan dé ike ọ̀dà fúnra rẹ̀. Èrò ní àwọn kò ní dé akoto tí orí igba èèyàn ti wọ̀, àwọn mìíràn sì ní wọ́n ti fi oògùn sínú rẹ̀, pé ẹni tó bá dé e yóò pòórá. Mo mọ obìnrin kan tó máa ń gbé e lé itan lọ sí ibi iṣẹ́, tó jẹ́ pé tó bá rí Ródù Séfítì lókèèrè ló tó máa gbé e lérí, lórí gèlè. A rẹ́rìn-ín tán nígbà náà. Àmọ́ àwọn olùwádìí tó kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ rí i pé akoto ń dín ikú ẹni tó ní jàǹbá máṣìn kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ẹni tó bá ti lọ kí èèyàn rí ní ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì kò nílò kí n ka iye kankan fún un. Ṣùgbọ́n ẹ so okùn rẹ̀ o. Èyí tí wọn kò bá so lábẹ́ àgbọ̀n, fìlà ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé.

Ọdún 1977 kan náà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Festac ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Wọlé Ṣóyínká tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, Ṣóyínká náà ló jẹ́ alága àkọ́kọ́. Lára ohun tí àjọ yìí ń bójú tó ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀, èyí tí wọ́n pín sí kíláàsì kíláàsì. Ti máṣìn ni Kíláàsì A, òun ló ṣáájú gbogbo wọn. Kò sí nínú èyí tí wọ́n ń gbà fún mọ́tò. Ẹni tó ti ń wa mọ́tò láti ogún ọdún, bí kò bá gba A, kò ní ìwé máṣìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí àjọ náà fọwọ́ sí, yóò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní léńà. Oṣù mẹ́ta ni léńà fi ń ṣiṣẹ́. Yóò kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ 26 ó kéré tán, yóò gba sátífíkéètì, yóò lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn VIO, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n á gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Bí ó bá ṣì wà lẹ́nu léńà, yóò fi lẹ́tà L pupa lára funfun sí iwájú àti ẹ̀yìn ohun tó ń gùn.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kọ orúkọ mi, ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi, NIN, ó ní kí n mú fọ́tò wá, gbogbo rẹ̀ lọ geere títí mo fi sọ pé máṣìn ni. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wo bàtà mi. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Màdáámù, mọ́tò la ní. Ẹ ò kúkú kọ́ mọ́tò?" Mo ní mo ti mọ mọ́tò wà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ó dáa, àwọn á ṣe ìwé rẹ̀ fún mi, àwọn á kọ́ mi ní àmì ojú pópó, ṣùgbọ́n kí n wá máṣìn wá, kí n sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn.

Láti bí ogójì ọdún, láti ìgbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn di ọlọ́kadà, máṣìn ń gbé èèyàn káàkiri ilẹ̀ yìí. Ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ti Gabriel Igbinedion tí a fi sọ wọ́n lórúkọ ti kógbá sílé, orúkọ náà wà lẹ́nu wa síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí mo wọ̀ kò ní máṣìn kan. Ìdí tí kò fi ní i kò fara sin: kò sí ẹni tó ń wá kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ ló ń kọ́ ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí wọ́n kọ́ ti gbé èrò méjì.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Peckham, ó rẹ́rìn-ín pa. Lọ́dọ̀ tiwọn, láti ọdún 1990 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní CBT. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó máa ń gbà. Apá márùn-ún ló ní: wọ́n á kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀, wọ́n á sì yẹ ojú rẹ wò bóyá ó ríran, wọ́n á kọ́ ọ ní gbogbo ara máṣìn, o ó gùn ún ní pápá tí ọkọ̀ kò sí, wọ́n á bá ọ sọ ti ojú pópó, lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á tẹ̀ lé ọ wọ títì fún wákàtí méjì ó kéré tán. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, o ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìwé tí wọ́n á fún ọ yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, L á sì wà lára máṣìn rẹ. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé oúnjẹ káàkiri níbẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi gba ọ̀nà wọlé sẹ́nu iṣẹ́. Tiwọn jẹ́ ọjọ́ kan, tiwa jẹ́ ọjọ́ 26. Lórí ìwé, a ṣe bẹbẹ jù wọ́n lọ.

N kò bínú sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn, torí wọ́n sòótọ́ fún mi. Wọ́n sì kọ́ mi ní àmì ojú pópó dáadáa, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tó tó ọmọ mi. Mo ti ń wa mọ́tò láti ọjọ́ tó pẹ́, àmì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí mo ti ń tú sí òdì.

Bí mo ṣe jẹ́ obìnrin ń ya àwọn kan lẹ́nu ju bí mo ṣe dàgbà lọ. Kò yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 2015, Jeminat Olumegbon gun máṣìn láti Èkó kọjá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti fi wá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí, èmi ò tíì gun dé ẹnu géètì Festac. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún obìnrin ẹgbẹ́ mi ni pé kó gbé ìró sílé. Ṣéènì kò mọ aṣọ òkè yàtọ̀ sí àǹkárá.

Ọjọ́ tí léńà mi jáde, mo gé L méjì láti ara páálí, mo fi téèpù lẹ̀ wọ́n. Mo gbéra ní kúlóòsì wa, mo wọ ródù, mo yọrí sí Seventh Avenue fún ìgbà àkọ́kọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fọn fèrè mọ́ mi létí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fi táyà tẹ omi sí mi lára. Mo wo jígí, mo fi tíráfíkétọ̀ hàn, mo yà sí ọ̀tún, mo rìn bí ẹni tó ń tẹ̀ lé pósí. Nígbà tí mo padà dé ẹnu kúlóòsì, mo fún ìjánu méjèèjì pọ̀, jẹ́jẹ́, mo fi ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀. Máṣìn dúró níwájú ìyá tó ń gbálẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Olùkọ́ mi ń dúró dè mí, àpótí ẹrù lẹ́yìn máṣìn rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gbà á. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gun máṣìn, kò rí léńà rí. Ó wo fọ́tò mi, ó yí ìwé náà padà, ó tún un yí. Ó bi mí ní iye tí mo san, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá wọ́n á kọ́ òun ní ohun tí òun ti mọ̀, mo ní wọ́n á tún rán an lọ wá olùkọ́ wá. Èyí pa á lẹ́rìn-ín.

"L yẹn ńkọ́, Mọ́mì? Ṣé èmi náà á máa gbé e káàkiri?"

"Títí o fi máa yege ìdánwò."

Ó wẹ̀yìn wo àpótí rẹ̀. "Ta wá ni yóò tún fún mi lẹ́rù gbé?"

Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó dé akoto rẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá máṣìn. Ẹnìkan ń dúró de ẹrù ní Mile 2.